FÁÀDÀ TÓ NÍ KÍ PÓÒPÙ MÁ FI SÁYẸ́ǸSÌ ṢE Ẹ̀RÍ

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí kalẹ̀ kẹ́ ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó fèsì.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì: "Daddy, olùkọ́ wa ní Big Bang ni ayé fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìdánwò, kí n wá sẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ẹ má fi ìbéèrè yìí ṣeré. Ọmọ tá a bá jágbe mọ́ lórí rẹ̀ kò ní bèèrè mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó ti rí ìdáhùn. Ó kàn ń dì í sínú ni. Tó bá ṣe díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ̀rù ìwé. Bó ṣe ń dín wíwá kù nìyẹn, títí a ò fi ní rí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Ìtàn gidi ni, ọjọ́ àti ọdún rẹ̀ wà nílẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Georges Lemaître. Wọ́n bí i ní July 17, 1894, ní ìlú Charleroi, ní orílẹ̀-èdè Belgium. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́kọ́ ń kọ́ ní Yunifásítì Kátólíìkì ti Louvain. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó gbé ìwé sílẹ̀, ó wọṣẹ́ ológun, ó sì wà lára àwọn tó ń yin àgbá. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ akíkanjú. Nígbà tó dé láti ojú ogun, kò wo ẹnjiníà mọ́. Ìṣirò àti físíìsì ló gbájú mọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1920. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní September 1923. Ó wá lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Cambridge, ó tún ré kọjá sí Amẹ́ríkà, sí Harvard àti MIT.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Pásítọ̀, kí ló kan àwa Pẹ́ńtíkọ́sì nínú ọ̀rọ̀ Fáàdà?" Ẹ ní sùúrù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

BÍ ÀWỌN ÈÈYÀN ṢE RÒ Ó NÍGBÀ YẸN

Lákòókò yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà ni pé àgbáálá ayé ò ní ìbẹ̀rẹ̀: bó ṣe wà lánàá ló wà lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà. Albert Einstein alára gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1917, nígbà tí ìṣirò tiẹ̀ lórí òòfà fẹ́ máa sọ fún un pé àgbáálá ayé ò lè dúró lójú kan, ṣe ló fi nǹkan kan kún ìṣirò náà kó lè dúró jẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ní Amẹ́ríkà ti ń rí nǹkan. Láti 1912 ni Vesto Slipher ti ń wo àwọn ohun kan tó dà bí ìkùukùu láàárín àwọn ìràwọ̀. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń tẹ̀ sí apá àwọ̀ pupa. Kí ni ìtúmọ̀ ìyẹn? Ẹ rántí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè bọ̀ lójú títì. Nígbà tó ń bọ̀, ohùn fèrè rẹ̀ á ròkè. Gbàrà tó bá ti kọjá lára yín, ohùn yẹn á wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tàn, tó sì ń sá jìnnà sí wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ sí pupa. Ó túmọ̀ sí pé àwọn nǹkan yẹn ń lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1925, wọ́n ka iṣẹ́ Edwin Hubble síta. Ó ti fi awò awọ̀nàjíjìn ńlá orí òkè Mount Wilson ní California wo èyí tí wọ́n ń pè ní Andromeda, ó sì fi hàn pé kì í ṣe ìkùukùu rárá. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn ni, ó jìnnà réré sí ìṣùpọ̀ tiwa. Ọgbọ́n tó fi wọn ọ̀nà jíjìn yẹn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Henrietta Leavitt ló gbé e jáde ní 1912, láti ara àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń pọ̀ tó tún máa ń dín.

Ẹ wá wò ó. Ojú ọ̀run tí gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí síbi tá a mọ̀, àṣé ẹnu ọ̀nà lásán la dúró sí!

OHUN TÍ FÁÀDÀ NÁÀ RÍ

Ní 1927, Lemaître fi ìṣirò Einstein àti ohun tí Slipher àti Hubble rí papọ̀. Ó ní kì í ṣe pé àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kàn ń sáré kiri, pé àgbáálá ayé fúnra rẹ̀ ló ń fẹ̀. Ẹ mú bàlúùnù tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí. Ẹ fi bírò tọ́ àmì tó-tò-tó sí i lára, kẹ́ ẹ wá máa fẹ́ ẹ. Àmì kankan ò rìn láyè rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn ń jìnnà síra. Èyí tó sì jìnnà sí ọ tẹ́lẹ̀ ló ń tètè jìnnà sí i jù.

Èdè Faransé ló fi kọ ọ́, sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Brussels tí kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìta, nítorí náà díẹ̀ ló kà á. Lọ́dún yẹn kan náà ló pàdé Einstein níbi ìpàdé Solvay ní Brussels. Einstein sọ fún un pé ìṣirò rẹ̀ pé, àmọ́ òye físíìsì rẹ̀ burú jáì. Ẹnu Einstein náà ló ti gbọ́ pé ará Rọ́ṣíà kan, Alexander Friedmann, ti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní 1922 kó tó kú ní 1925.

Ká ní ẹlòmíì ni, tí ọ̀gá tó lókìkí jù lágbàáyé bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i lójú, á ti ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀. Lemaître ò bínú, kò sì bá a jà. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1929, Hubble gbé ìwọ̀n tirẹ̀ jáde pé bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà sí wa tó, bẹ́ẹ̀ náà ni eré rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ní 1931, wọ́n tú iṣẹ́ Lemaître sí Gẹ̀ẹ́sì, Einstein náà sì gbà lọ́dún yẹn pé àgbáálá ayé ń fẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Hubble nìkan ni wọ́n fi ń pe òfin yẹn. Ìgbà tó di 2018 ni àjọ àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ lágbàáyé dìbò pé kí wọ́n fi orúkọ Lemaître kún un. Ó ti kú láti ọdún 52 sẹ́yìn nígbà yẹn.

ÌPÍNRỌ̀ TÓ FAGI LÉ

Ní May 1931, Lemaître kọ lẹ́tà kúkúrú kan sí ìwé ìròyìn Nature. Ó ní tí ohun kan bá ń fẹ̀ lónìí, á jẹ́ pé ó kéré lánàá, ó sì tún kéré sí i lọ́jọ́ tó ṣáájú àná. Tá a bá ń padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, a máa débi tí gbogbo nǹkan kóra jọ sójú kan ṣoṣo, bí átọ́ọ̀mù kan tó jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ fetí sí ibi tó kàn yìí. Nígbà tó ń kọ lẹ́tà yẹn, ó kọ ìpínrọ̀ kan sí ìparí rẹ̀ tó dárúkọ Ọlọ́run. Kó tó fi ránṣẹ́, ó fagi lé e. Ìwé tó tẹ̀ náà ṣì wà títí dòní, àmì ìfagilé yẹn sì wà lára rẹ̀.

Ṣé ojú Ọlọ́run ń tì í ni? Rárá o! Àlùfáà tó ń ṣe Máàsì, tó sì wà nínú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ni. Ohun tó gbà ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti dé ibi òtítọ́, òun sì ń rin méjèèjì. Ọ̀nà kan jẹ́ ti ìgbàlà ọkàn, èkejì jẹ́ ti ìwọ̀n àti ìṣirò. Bíbélì ò sọ fún wa bí a ṣe ń wọn ìràwọ̀. Awò awọ̀nàjíjìn náà ò sì lè sọ fún wa bí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe ń rí ìdáríjì.

Àwọn tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Arthur Eddington tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní Cambridge sọ pé ìrònú pé nǹkan ní ìbẹ̀rẹ̀ ò bá òun lára mu. Fred Hoyle, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ mìíràn jáde ní 1948 pé àgbáálá ayé ò ní ìbẹ̀rẹ̀ rárá. Hoyle yìí ló pe ọ̀rọ̀ Lemaître ní "Big Bang" lórí rédíò BBC ní 1949. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà ló sì mọ́ ọn lára dòní!

Hoyle ní ohun tó ń gbára lé o. Tí wọ́n bá fi ìwọ̀n Hubble ṣírò ọjọ́ orí àgbáálá ayé, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 ọdún ló ń fún wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn òkúta inú ilẹ̀ ayé dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ò sì lè dàgbà ju ìyá tó bí i lọ.

ỌJỌ́ TÍ PÓÒPÙ SỌ̀RỌ̀

Ní November 22, 1951, Póòpù Pius Kejìlá bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà lábẹ́ Vatican sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an sí ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé sáyẹ́ǹsì ti wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá tó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì.

Ta ni inú rẹ̀ ì bá dùn jù? Lemaître ni. Olórí ìjọ rẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lárugẹ yìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bá àwọn tó ń gba Póòpù nímọ̀ràn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ẹ̀kọ́ yìí ṣì jẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń yẹ̀ wò, pé kò dáa kí wọ́n so ó mọ́ ìgbàgbọ́. Ní September 1952, àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ láti gbogbo àgbáyé péjọ sí Rome, Póòpù sì bá wọn sọ̀rọ̀. Kò tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.

Ẹ wá wo ọgbọ́n Ọlọ́run. Níbi ìpàdé Rome yẹn kan náà ni Walter Baade ti kéde pé ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn tí gbogbo wọn ń lò kò tọ̀nà, pé ó yẹ kó di ìlọ́po méjì. Ọjọ́ orí àgbáálá ayé sì di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Tí ìjọ bá ti kan ìgbàgbọ́ mọ́ iye ọdún tó wà nílẹ̀ ní 1951, ní 1952 ni wọn ì bá tún ti máa wá ìṣó tuntun. Ìyẹn gan-an ni Lemaître ń sá fún.

ÌGBẸ́ ẸYẸLÉ ÀTI ARIWO TÍ KÒ LỌ

Òwe wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ní 1964, àwọn ọkùnrin méjì, Arno Penzias àti Robert Wilson, ń lo ẹ̀rọ ńlá kan tó ń gba ìgbì rédíò ní Holmdel, ìpínlẹ̀ New Jersey. Ariwo kan ń dún nínú ẹ̀rọ náà, ṣáá-ṣáá-ṣáá. Ibi yòówù kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí, lọ́sàn-án lóru, ariwo náà ò lọ. Wọ́n yẹ gbogbo wáyà wò. Wọ́n rí i pé ẹyẹlé ti kọ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀, ó sì ti ṣu síbẹ̀. Wọ́n lé ẹyẹlé, wọ́n fọ ìgbẹ́ rẹ̀, ariwo náà ò dá.

Nígbà tó yá ló yé wọn. Ooru tó ṣẹ́ kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé ni wọ́n ń gbọ́. Ṣé ẹ mọ bí àdògán ṣe máa ń móoru lẹ́yìn tí wọ́n ti kó iná kúrò nídìí rẹ̀? Ooru yẹn ti tutù gan-an báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1978. Lemaître wà lórí àìsàn nígbà tí wọ́n mú ìròyìn náà wá bá a. Ó gbọ́ ọ kó tó dákẹ́ ní June 20, 1966. Hoyle ní tiẹ̀ kò gbà títí ó fi kú ní 2001.

OHUN TÁ A MỌ̀ LÓNÌÍ

Ìṣirò tòní ni pé àgbáálá ayé ti tó bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ni hydrogen àti helium ti jáde, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ hydrogen. Ní 1925, obìnrin kan, Cecilia Payne, ti fi hàn pé hydrogen ló pọ̀ jù lára àwọn ìràwọ̀. Irin, afẹ́fẹ́ oxygen tá à ń mí sínú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, inú àwọn ìràwọ̀ ni wọ́n ti sè é. Àwọn tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sè é ní 1957, Hoyle wà lára wọn! Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ rẹ lónìí lè kọ́ ẹ ní nǹkan lọ́la.

Oòrùn wa àtàwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká kéré lọ́jọ́ orí sí ìyẹn, wọ́n tó bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún. Clair Patterson ṣírò ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé ní 1956 láti ara òjé tó wà nínú òkúta tó já láti ojú ọ̀run, bílíọ̀nù 4.55 ló rí. Ìkùukùu gáàsì àti eruku ló kóra jọ, àárín rẹ̀ di oòrùn, èyí tó ṣẹ́ kù tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, ó ń yí po, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ sì jáde lára rẹ̀. Nínú gbogbo ẹrù tó wà nínú agbo ilé yìí, oòrùn nìkan gba ohun tó ju 99 nínú 100 lọ. Ayé wa yìí pẹ̀lú gbogbo ìgbéraga wa, ẹrúnrún ló jẹ́.

Èyí tó tún le ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Tá a bá pín ohun tó wà ní àgbáálá ayé sí 100, nǹkan tó ṣeé fojú rí tàbí fọwọ́ kàn, ìràwọ̀, omi, òkúta, èmi àti ẹ̀yin, kò ju bíi 5 lọ. Nǹkan bí 27 jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní dark matter, tí kì í tan ìmọ́lẹ̀, àmọ́ tí òòfà rẹ̀ ń fà wá. Bíi 68 tó kù ni dark energy, èyí tó ń mú kí àgbáálá ayé máa yára fẹ̀ sí i. Ohun tí méjèèjì jẹ́ gan-an, kò tíì sí onímọ̀ kan lágbàáyé tó lè sọ ọ́.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA ÌJỌ

Èkíní, ẹ má bẹ̀rù ìwé. Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Tí ọmọ yín bá bèèrè ọ̀rọ̀ Big Bang, ẹ má sáré gbàdúrà lé e lórí bí ẹni tí ẹ̀mí àìmọ́ gbé dè. Ẹ jókòó tì í. Ẹ sọ fún un pé àlùfáà wà lára àwọn tó gbé ẹ̀kọ́ yẹn jáde, kò sì torí ẹ̀ fi pẹpẹ sílẹ̀.

Ìkejì, èyí kan àwa oníwàásù gan-an. Ẹ jẹ́ ká yé fi àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp wàásù. Ìtàn kan ń lọ káàkiri láti ọdún pípẹ́ pé kọ̀ǹpútà NASA rí ọjọ́ tó sọnù nígbà Jóṣúà. Kò ṣẹlẹ̀. NASA sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé Ọlọ́run tó dá oòrùn nílò ká parọ́ fún òun ni? Ọmọ tó bá gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dé kíláàsì, tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, kò ní dúró lórí NASA nìkan. Á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjíǹde Jésù náà tìfura-tìfura. Augustine, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó di bíṣọ́ọ̀bù, ti kìlọ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti ohun tó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn: pé tí onígbàgbọ́ bá ń sọ ìsọkúsọ nípa ojú ọ̀run fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, báwo lẹni yẹn á ṣe gbà á gbọ́ nígbà tó bá dórí ìyè àìnípẹ̀kun?

Ìkẹta, ẹ jẹ́ ká ka Jẹ́nẹ́sísì fún ohun tó wá sọ. Nígbà yẹn, àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Ísírẹ́lì ká ń bọ oòrùn àti òṣùpá. Ẹ wo bí orí kìíní ṣe ṣe é: kò tiẹ̀ dárúkọ wọn. Ó kàn pè wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ méjì, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Àtùpà tí Ẹlẹ́dàá gbé kọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe òrìṣà. Ìwàásù yẹn ò gbó láé, bóyá ìṣirò àwọn onímọ̀ yí padà lọ́la tàbí kò yí padà. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọjọ́ mẹ́fà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé orí Ẹni tó dá a ni ìgbàgbọ́ wa dúró lé, kì í ṣe orí iye ọdún.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìwọ tó béèrè, ìdáhùn rẹ nìyí. Kọ ohun tí wọ́n kọ́ ẹ sínú ìdánwò, kọ ọ́ dáadáa, kó o gba máàkì tó pé. Tó bá di ọjọ́ Sunday, wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbé ọwọ́ rẹ sókè, kó o sin Ẹni tó ni gbogbo rẹ̀. O ò parọ́ níbì kankan.

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè wo lọmọ yín ti bi yín rí lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ kọ ọ́ sí comment, màá máa dá yín lóhùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa tó wà nílé ìwé.

Olúwa tó mọ iye ìràwọ̀ ò ní gbàgbé orúkọ yín. Ọmọ yín ò ní sọnù mọ́ ìgbàgbọ́ lọ́wọ́, kò sì ní ya òpè. Lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe Àmín tó ròkè!